Rush Kúrò Lójú Agbo

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan láti ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló délẹ̀ lálẹ́ yìí. Orin rọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ wọn, Rush sì lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Geddy Lee ló ń kọrin. Òun náà ló ń ta gìtá báàsì, tó ń tẹ dùùrù, tó tún ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ olóhùn kan tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Alex Lifeson ló ń ta gìtá. Neil Peart ló ń lu ìlù, òun ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orin tí Lee ń fẹnu gbé jáde. Láti ọdún 1974 títí di ọdún 2015, àwọn mẹ́ta yìí ni Rush, kò sẹ́ni tó rọ́pò ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wá kúrò lójú agbo, wọn ò lu agogo fún aráyé. Àwọn olólùfẹ́ wọn ló fi ojú ara wọn rí i, díẹ̀díẹ̀, pé ìrìnàjò ti parí.

Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ orin rọ́ọ̀kì, ìdágbére kì í ṣe ohun bòókẹ́lẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ẹgbẹ́ The Who láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣeré ní gbọ̀ngàn Maple Leaf Gardens, ní Toronto yìí kan náà. Wọ́n ti sọ fáyé pé ìrìnàjò ìdágbére ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n máa parí rẹ̀ sí. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n tún fi jáde níbi eré Live Aid ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di ọdún 1989, wọ́n tún ti ń ti ìlú bọ́ sí ìlú. Ẹgbẹ́ Kiss, tí Rush máa ń ṣí eré fún nígbà tí orúkọ tiwọn kò tíì tàn, ṣe ìrìnàjò ìdágbére lọ́dún 2000. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́dún 2019, èyí tó parí ní Madison Square Garden, New York, lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2023. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó sì sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà, omijé òdodo ló sun. Àmọ́ ọ̀nà tí Rush gbà lọ yàtọ̀, ó sì fi ohun kan hàn nípa gbèsè tí olórin jẹ olólùfẹ́ rẹ̀, àti ibi tí gbèsè náà mọ.

Ilé ìwé ló pa Lee àti Lifeson pọ̀, ní àdúgbò Willowdale ní Toronto. Ọmọ àwọn tó ṣí wá sí Kánádà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn méjèèjì. Àwọn òbí Lee jẹ́ Júù láti ilẹ̀ Póláǹdì, wọ́n la ọgbà ikú Auschwitz já; àwọn òbí Lifeson wá láti Serbia. Lọ́dún 1968, Lifeson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò náà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń pàdé mu kọfí. Kò pẹ́ tí Lee fi dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ Cream, ẹlẹ́ni mẹ́ta bíi tiwọn, ni wọ́n ń wò ṣe. Ó yẹ kí ará Èkó mọ Cream, ó kéré tán kó mọ onílù rẹ̀, nítorí Ginger Baker ló wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó bá Fela ṣeré, tó sì kọ́ sítúdíò kan sí Èkó. Lọ́dún 2004, nígbà tí Rush ṣe àwo kékeré kan láti fi yẹ́ àwọn tó kọ́ wọn lórin sí, Crossroads, tí Cream sọ di olókìkí láàárín àwọn olórin rọ́ọ̀kì, wà níbẹ̀.

Rédíò ló gbé wọn dé Amẹ́ríkà, ó sì dùn mọ́ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí láti sọ ọ́ lórí rédíò. Lọ́dún 1974, ẹgbẹ́ náà gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde fúnra wọn. Ẹ̀dà kan dé ọwọ́ Donna Halper, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò WMMS ní Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ni Cleveland nígbà náà. Ìyá yìí mú orin kan nínú àwo náà, Working Man, orin nípa ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó rójú ráyè, ó sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó ń pè fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti lè rí àwo náà rà. Láìpẹ́, ilé iṣẹ́ Mercury fọwọ́ síwèé pẹ̀lú wọn.

John Rutsey ló lu ìlù nínú àwo yẹn, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kó lè bá wọn rin ọ̀nà jíjìn tó wà níwájú. Wọ́n wá pe àwọn onílù láti dán wọn wò. Ẹni tí wọ́n mú ni Neil Peart, ọmọ bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ iṣẹ́ oko nítòsí St. Catharines, ẹnu iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni Peart fúnra rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n pè é. Ó wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1974. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ń lu ìlù ní Pittsburgh níwájú èrò tó lé ní 11,000.

Àwo tó mú kí ìfẹ́ àwọn olólùfẹ́ wọn fìdí múlẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti ṣe Caress of Steel, kò tà. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde fẹ́ orin kúkúrú tí rédíò lè máa lò. Àwọn ọmọkùnrin náà gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ti fẹ́ parí fún àwọn, wọ́n wá pinnu pé bí yóò bá parí, orin tó wu àwọn ni àwọn máa fi parí rẹ̀. Wọ́n ṣe 2112. Orin kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú kìíní àwo náà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwo ọ̀hún tà débi pé láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó tún sọ irú orin tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ fún wọn. Èyí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Rush kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí wọ́n tó mọ orúkọ orin kankan: pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ebi lè pa lọ́la kọ̀ láti ta iṣẹ́ wọn.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin kò gba tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní orin wọn gùn, ó lọ́júpọ̀, ohùn Lee sì ga jù. Láti ọdún 1998 ló ti tọ́ sí wọn láti wọ Rock and Roll Hall of Fame, síbẹ̀ ọdún 2013 ni wọ́n tó mú wọn wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Los Angeles, bí wọ́n ṣe dárúkọ Rush, àwọn èrò dìde, wọ́n hó, wọn ò sì fẹ́ dákẹ́. Lifeson bọ́ síwájú láti dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò nítumọ̀, “blah”, ló ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń fi ọwọ́ àti ojú ṣàpèjúwe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Kò sọ fún àwọn méjì yòókù tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Peart, nítorí òun ni ìfẹ̀yìntì yìí dá lé lórí. Nílẹ̀ yìí, a mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ Àyàn. A mọ̀ pé onílù kì í gbọ́n tán, pé ẹni tó mọ ìlù lù gan-an ṣì máa ń jókòó ti àgbà. Peart ti lé ní ẹni ogójì ọdún, àwọn onílù kárí ayé sì ti ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà kan, Freddie Gruber. Ohun tó fà á ni iṣẹ́ kan tó ṣe láti fi bu ọlá fún Buddy Rich, onílù jáàsì, lọ́dún 1994: ó gbọ́ bí ìlù onílù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe yí padà, ó béèrè, wọ́n sì júwe Gruber fún un. Ó tún bí òun yóò ṣe máa di ọ̀pá ìlù mú kọ́. Ó tún bí òun yóò ṣe jókòó kọ́. Ó ń lọ sí ìdí ìlù lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti sọ ọ́ di olókìkí ló gbé sílẹ̀ láti tún un ṣe.

Ó tún fẹ́ràn ìrìnàjò. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń gùn, ó sì gun ún wá sí ìhà tiwa nílẹ̀ Áfíríkà. Ìwé àkọ́kọ́ tó gbé jáde, The Masked Rider, dá lórí bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ Kamẹrúùnù kọjá. Ó dé Tógò pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí òrùlé ilé kan, ó sì gbọ́ tí onílù méjì ń lu ìlù ní àfonífojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò rí wọn sójú. Ìlù náà kò kúrò lágbárí rẹ̀ títí tó fi padà sílé, ó sì gbé e sínú orin Heresy, tó wà nínú àwo Roll the Bones ọdún 1991. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní Tógò àti ní Benin, ẹ wá orin náà, kí ẹ fetí sí ìdí rẹ̀.

Bó ṣe mọ iṣẹ́ tó yìí, Peart kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ sí òun. Kì í ṣe ìgbéraga. Ojú máa ń tì í, ó sì máa ń ni í lára kí ẹni tí kò mọ̀ rí máa fà á mọ́ra bí ẹbí. Orin kan nínú Moving Pictures, àwo ọdún 1981 tó tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Limelight ni wọ́n pè é. Bí eré bá ti parí, Lee àti Lifeson lè dúró kí àwọn olólùfẹ́, ṣùgbọ́n Peart á ti lọ. Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn, alùpùpù ló ń gùn láti ìlú dé ìlú, tó ń gba àwọn ọ̀nà oko, títí tí àkókò eré tún fi tó. Àwọn olólùfẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ̀ fún ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan ti wà nínú ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ẹgbẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́.

Nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1997. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ọmọ kan ṣoṣo tí Peart bí, ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí jẹjẹrẹ pa ìyá ọmọ náà. Níbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀, Peart sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì pé kí wọ́n ka òun sí ẹni tó ti fẹ̀yìntì. Wọn ò jiyàn. Wọn ò wá onílù mìíràn. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì rin nǹkan bí 88,000 kìlómítà já Kánádà, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ìrìn ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìwé rẹ̀, Ghost Rider, sọ gbogbo rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó tún padà pàdé ní sítúdíò, Vapor Trails sì jáde lọ́dún 2002.

Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ dé Bràsíl. Ní pápá ìṣeré Maracanã ní Rio de Janeiro, nǹkan bí 40,000 èèyàn ló wá. Nígbà tí wọ́n kan YYZ, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, tó jẹ́ pé àmì pápá ọkọ̀ òfuurufú Toronto ni wọ́n fi ṣe ìlù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ará Rio fi ẹnu ara wọn kọ ohùn gìtá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń fò sókè. Fídíò eré náà wà. Ẹni tó bá wò ó á rí Peart, tí kì í sábàá rẹ́rìn-ín nídìí ìlù, tó ń wò wọ́n tìyanutìyanu.

Láàárín àwọn ọdún yẹn, eré wọn kún fún àwàdà. Lee kò lo àwọn àpótí ohùn ńláńlá tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn onígìtá báàsì mọ́, àyè wá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ aṣọ síbẹ̀, mẹ́ta lórí ìlà, aṣọ sì ń yí gbiri nínú wọn bí eré ti ń lọ. Nígbà tó yá, ààrò tí wọ́n fi ń yan adìyẹ ló gbé síbẹ̀, tí ẹnì kan tó wọṣọ alásè á sì jáde wá fi òróró pa adìyẹ náà lára láàárín orin. Àwọn àgbà ọkùnrin tí orin wọn le bí òkúta ni wọ́n ń ṣe irú eléyìí, àwọn èrò sì fẹ́ràn wọn sí i.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, ara ti ń sọ̀rọ̀. Lifeson ní àrùn oríkèé ríro, kò sì sí ohun tó le fún onígìtá ju kí oríkèé ìka máa wú lọ. Peart ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Eré Rush máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lálẹ́ kan, onílù kò sì lè fi ibì kankan nínú rẹ̀ sinmi: ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, agbára kan náà tó fi ń lù ú nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Iṣan apá ń dùn ún tipẹ́. Nínú ìrìnàjò tó kẹ́yìn yìí, àkóràn tún mú un lẹ́sẹ̀ débi pé ìrìn lásán ń ni í lára. Ó tún ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, Ọlọ́run sì ti fi ọmọbìnrin kan ta á lọ́rẹ lọ́dún 2009. Ẹni tó ti pàdánù ọmọ rí mọ ohun tí alẹ́ kan nílé tó.

Wọ́n pe ìrìnàjò náà ní R40. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrìnàjò ńlá tó máa kẹ́yìn; wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré 35 péré ni, Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ló sì mọ sí. Bí wọ́n ṣe to eré náà jẹ́ ohun tí kò tíì sí irú rẹ̀ nínú gbogbo eré rọ́ọ̀kì tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Orin tó tuntun jù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń padà sẹ́yìn, àwo kan tẹ̀ lé òmíràn, láti 2012 títí dé 1974. Bí wọ́n ti ń padà sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ pupa ń jáde wá, wọ́n ń gbé ẹrù orí ìtàgé kúrò díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Peart lò. Igi tó ti wà lábẹ́ omi odò ní Romania fún nǹkan bí 1,500 ọdún ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀kan. Èkejì jọ irú èyí tó ń lù ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n dé orin tó kẹ́yìn, Working Man, kò sí nǹkan kan mọ́ lórí ìtàgé ju àpótí ohùn kékeré méjì lórí àga, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú eré 35 náà ní gbọ̀ngàn Forum ní Inglewood, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Peart ní òfin kan tó fi de ara rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ: ẹ̀yìn ìlù ni àyè òun, òun kì í bọ́ síwájú ìtàgé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn orin, ó dìde, ó rìn wá síwájú, ó ya fọ́tò àwọn èrò, ó sì fi apá gbá Lee àti Lifeson mọ́ra láti ẹ̀yìn. Ẹnu ya àwọn méjèèjì. Àwọn olólùfẹ́ tó wà níbẹ̀ kò nílò ìkéde mọ́.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹyọ ẹyọ. Ní òpin ọdún yẹn, Peart sọ fún ìwé ìròyìn àwọn onílù kan pé ọmọ òun ti ń júwe òun fún àwọn èèyàn bí onílù tó ti fẹ̀yìntì, inú òun sì dùn sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Lifeson sọ fún ìwé ìròyìn Globe and Mail pé àwọn kò ní ètò láti rìnrìn-àjò tàbí láti ṣe àwo mọ́. Láàárín àkókò yìí, àwọn olólùfẹ́ kan ń bínú. Wọ́n ní agbára ṣì wà lára wọn, wọ́n ní eré tó kẹ́yìn dára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí ló wá dé? Inú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, Glasgow àti Rio ló bàjẹ́ jù, nítorí R40 kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Lee fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ó dun òun, pé òun fẹ́ kí eré náà pọ̀ sí i, pé ó ṣe òun bí ẹni pé àwọn já àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù kulẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ níta ni pé láti ọdún 2016, jẹjẹrẹ ti wà nínú ọpọlọ Peart. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ló fi bá a jà. Lee àti Lifeson mọ̀, wọ́n ń lọ kí i ní California, wọ́n sì ń dákẹ́. Bí oníròyìn bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni Rush ń padà bọ̀, wọ́n á wá ọ̀nà yí ọ̀rọ̀ náà, nítorí Peart ti bẹ̀ wọ́n pé kí ó wà láàárín àwọn. Ó kú ní Santa Monica lọ́jọ́ keje oṣù Kìíní ọdún 2020, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí aráyé tó gbọ́.

Àìsàn yìí mú kí àwọn kan yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn ti wá lóye ìdí tó fi fẹ̀yìntì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn eré tó kẹ́yìn ni àìsàn náà tó fara hàn. Kì í ṣe òun ló mú un kúrò lójú agbo. Ó kúrò nítorí apá ń dùn ún, nítorí ọmọ rẹ̀ wà nílé, àti nítorí pé ó mọ bí ìlù òun ṣe gbọ́dọ̀ dún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó gbọ́ èyí tó kéré sí i. Ìdí yẹn tó láìsí ikú. Bí ó bá ṣì wà láàyè lónìí, tó ń gun alùpùpù kiri, tí ara rẹ̀ sì le, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti jókòó sílé kò ní dín kù. Tíkẹ́ẹ̀tì tí olólùfẹ́ rà, eré alẹ́ ọjọ́ kan ló fi rà. Ó ti gba eré náà. Ara onílù kò sí nínú ohun tó sanwó fún.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ni ara fúnra rẹ̀ lé kúrò. Nínú ẹgbẹ́ Genesis, Phil Collins, ọ̀kan nínú àwọn onílù tó mọṣẹ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè lu ìlù mọ́ nítorí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn àti iṣan. Nígbà tí wọ́n ṣe eré ìkẹyìn wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹta ọdún 2022, orí àga ló jókòó sí kọrin, ọmọ rẹ̀ Nic ló sì ń lu ìlù bàbá rẹ̀. Steven Tyler ti ẹgbẹ́ Aerosmith ṣe ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ léṣe lórí ìtàgé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà kéde pé ohùn rẹ̀ kò lè padà sí bó ṣe wà, àwọn kò sì ní rìnrìn-àjò eré mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 2025, Ozzy Osbourne jókòó sórí ìtẹ́ kan ní Villa Park, ní Birmingham níbi tó ti dàgbà, ó kọrin pẹ̀lú Black Sabbath fún ìgbà ìkẹyìn. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà ló kú. Iyì ńlá wà nínú èyí náà, kò sí olólùfẹ́ kan tó gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ọ̀nà tó wu kálukú ló gbà lọ.

Àwọn méjì tó kù nínú Rush kò gbé ohun èlò wọn papọ̀ lójú gbogbo èèyàn fún ọdún méje. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún náà, wọ́n jáde níbi eré ìrántí Taylor Hawkins, onílù ẹgbẹ́ Foo Fighters, ní Wembley àti ní Los Angeles. Àwọn onílù mìíràn ló bá wọn lù ú, lára wọn ni Dave Grohl àti Omar Hakim. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé Paul McCartney pàdé àwọn lẹ́yìn ìtàgé ní Wembley, ó sì rọ àwọn pé kí àwọn padà sí ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ń padà. Anika Nilles, obìnrin onílù láti Jámánì tó bá Jeff Beck rìnrìn-àjò lọ́dún 2022, ló máa jókòó sídìí ìlù. Fifty Something ni wọ́n pe ìrìnàjò náà, wọ́n sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 2026, ní Forum kan náà.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Rush láìsí Peart kì í ṣe Rush, pé ohun tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ dáadáa ni kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé ni Lee àti Lifeson nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ yẹn, ọdún mẹ́fà kí Peart tó dé. Ìyàwó Peart àti ọmọ rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé inú àwọn dùn sí ìrìnàjò náà. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́ pé ara Peart jẹ́ ti Peart, tó fi lè gbé ìlù sílẹ̀ nígbà tó wù ú, a jẹ́ pé ọwọ́ Lee àti ìka Lifeson náà jẹ́ tiwọn, wọ́n sì lè tún gbé gìtá nígbà tó wù wọ́n. Nilles kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè é síṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà sì le, nítorí gbogbo ẹni tó máa wà nínú gbọ̀ngàn náà ló mọ ìró ìlù kọ̀ọ̀kan lórí, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ lù ú nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń lù ú.

Eré 12 ní ìlú méje ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Àwọn èèyàn ya bo tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní láti fi ọ̀pọ̀ eré kún un. Lára àwọn tó ń rà á ni àwọn tí kò tíì tó lọ sí òde eré lọ́dún 2015, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ bàbá tàbí ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ Moving Pictures.